Agbára Ọkọ̀ Kì í Ṣe Eré Nìkan

Ó ṣòro láti rí àgbàlagbà kan ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní Àjàṣẹ́ tí kò mọ ọkọ̀ tí a ń pè ní bâchée. Peugeot 404 ni, tí iwájú rẹ̀ jẹ́ ìjókòó awakọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ àyè ẹrù tí a fi tapólì bò. Òun ni ó ń kó àgbàdo wá sí ọjà, òun ni ó ń gbé ìyàwó lọ sí ilé ọkọ, òun náà ni ó ń gbé òkú àgbà padà sí ìlú rẹ̀. Ọdún 1960 ni Peugeot kọ́kọ́ gbé 404 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn Pininfarina ti Ítálì ni ó ya àwòrán rẹ̀. Irú ọkọ̀ yìí ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ọ̀nà eruku àti ẹrẹ̀ ni ìdíje náà ń gbà, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé ọkọ̀ náà bá ilẹ̀ wa mu.

Bàbá mi ní ọ̀kan. Lẹ́yìn tí bàbá re ibi àgbà ń rè, ọkọ̀ náà jókòó sí àgbàlá wa ní Kétu fún ọdún mẹ́jọ, àwọn adìẹ sì ń yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ó ní, “Àbúrò, irin tí kò rìn mọ́, àyè lásán ni ó ń gbà.” Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún mi ní ọdún kan. Ó gbà, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé bí ọdún bá yípo tí ọkọ̀ kò lè gbé àgbàdo láti oko wa dé ọjà, òun yóò tà á, gbogbo owó tí mo bá sì ti ná yóò di àdánù tèmi. Owó oṣù olùkọ́ kò pọ̀. Síbẹ̀, mo fẹ́ ju kí ọkọ̀ náà kàn rìn lọ. Mo rántí bí bàbá ti máa ń fi ẹrù gun òkè tí ọkọ̀ gbogbo ń yà á sílẹ̀. Mo fẹ́ kí bâchée náà lágbára ju ìgbà tí ó wà ní tuntun lọ.

Ọ̀gá mẹkaníìkì tí ó tún un ṣe fún bàbá ṣì wà láàyè. Lábẹ́ igi máńgòrò ni a ti ṣiṣẹ́. A ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀, a so orí wọn pọ̀, a fi ṣéènì kọ́ ẹ́ńjìnnì jáde. Ẹ́ńjìnnì 404 náà jẹ́ 1 618 cm³. Ọ̀gá ní kí a fi ti 504 rọ́pò rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ 1 971 cm³. Ìdí rẹ̀ ni pé ìran kan náà ni àwọn méjèèjì: bákan náà ni wọ́n fì sí ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nínú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, piston kò rìn lára irin ńlá fúnra rẹ̀. Ọ̀pá irin oníhò ni ó ń rìn nínú rẹ̀, omi sì ń yí ọ̀pá náà ká láti tù ú. Chemise ni àwọn Faransé ń pè é, ìyẹn ẹ̀wù. Bí ẹ̀wù bá gbó, a ó bọ́ ọ, a ó wọ òmíràn. Ìdí nìyí tí a fi lè sọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ di tuntun ní àgbàlá ilé láìsí ẹ̀rọ ńlá.

Ẹ́ńjìnnì 504 tí a rí rà ní culasse tí ó ti sán. Mo wá òmíràn títí n kò rí, ni mo bá kọjá sí Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kàdúná ní 1975. Ní ọjà Ládìpọ̀, ní Èkó, mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé culasse ni mo ń wá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni ìyẹn?” Mo ní, “Orí ẹ́ńjìnnì ni.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀ẹ́n, tọ́ọ̀pù sílíńdà ni ẹ ń wá!” Faransé ti fún mi ní orúkọ kan, Gẹ̀ẹ́sì ti fún un ní òmíràn, ṣùgbọ́n inú Yorùbá ni a ti gbọ́ ara wa yé.

Nígbà tí a padà dé, owó tí ó kù kò ju èyí tí yóò ṣe ohun kan lọ: ọ̀dà àti tapólì tuntun, tàbí bíréèkì. Àwọn ọmọṣẹ́ fẹ́ ọ̀dà, kí ará àdúgbò lè rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ọ̀gá kọ̀. Ó búra pẹ̀lú irin pé òun kò ní tan ẹ́ńjìnnì náà títí ọkọ̀ yóò fi ní ohun tí yóò dá a dúró. Ìṣirò tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ bíréèkì di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí eré bá di ìlọ́po méjì, láti 50 sí 100 km ní wákàtí kan, iṣẹ́ bíréèkì di ìlọ́po mẹ́rin. Iwájú ọkọ̀ bàbá lo tambour, irin tí ó rí bí ìlù, tí ooru ń há sínú rẹ̀. A yọ ọ́, a fi ti 504 tí ó ní àwo irin sí i, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ ẹ. A tún wá rádíétọ̀ tí ó tóbi jù. Ọ̀dà dúró.

Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ náà kọjá ọkọ̀. Èmi lè ka ìwé àtúnṣe tí a kọ ní èdè Faransé. Ọ̀gá kò lè kà á. Ọ̀gá ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ó sì mọ ohun tí ń ṣe é. Etí tèmi kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Mo kà á fún un pé àárín ni a ti í bẹ̀rẹ̀ sí í dè culasse, kí a sì máa lọ sí etí díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Bí a ti ń tẹ́ ẹní kí ó má baà ká nìyẹn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n?” Ètò tí iná fi ń tàn nínú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 1-3-4-2, orin ni ó fi kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀: ọ̀kan, ẹ̀ta, ẹ̀rin, èjì. Wọ́n ń kọ ọ́ bí wọ́n ti ń so wáyà iná. Kò sí inú ìwé kankan tí a ti lè rí orin náà.

Ọdún kò tíì pé tí a fi di àpò àgbàdo mẹ́wàá sẹ́yìn bâchée. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A gun òkè láìdúró, a sọ̀kalẹ̀ ní ìdàkejì, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró gbọnyin láìyà sí ọ̀tún tàbí òsì. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ pé mo jàre. Nígbà tí a dé ọjà, ó ka owó tapólì tuntun sí mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú yín, wọ́n sì ń darúgbó. Ẹ mú ìwé àti gègé lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ irin kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ kọ ọ́ ní Faransé, kí ẹ sì kọ orin wọn pẹ̀lú. Tèmi ti bẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlógójì ni ó wà nínú ìwé mi báyìí, orí ẹ́ńjìnnì sì ni àkọ́kọ́ wọn.