Ohùn Àfẹ̀mọ́júmọ́

Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kan wà ní Èkó tí wọn kì í dákẹ́ gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ wọn ti ń rú mi lójú láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ. Ẹni tó káwọ́ sórí ẹsẹ̀, tó dijú, tó panu mọ́, ni mo máa ń rí nínú àwòrán. Àwọn ọmọ Soka Gakkai, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà láti Japan tí mò ń sọ yìí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọn a ka apá kan nínú orí kejì àti orí kẹrìndínlógún ìwé mímọ́ Lotus Sutra, wọn a sì máa pe Nam-myoho-renge-kyo léraléra, kíkankíkan. Àlàáfíà ni wọ́n ń wá, pẹ̀lú agbára tí wọn yóò fi kojú ọjọ́. Ṣé ohùn rara la fi ń wá àlàáfíà ni?

Ní Ìgbẹ́mọ-Èkìtì, ohùn rara kò ṣàjèjì. Kí àwọn obìnrin tó gbé ìkòkò ìrẹsì kaná, àdúrà ti gba àdúgbò. Ohun tó so irú ohùn méjèèjì pọ̀ lójú mi ni ọdún 1930.

Ọdún náà ni wòlíì Kristẹni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ kí ìpè tó dé bá a ní 1928, bẹ̀rẹ̀ ìsọjí ní Òkè-Ooyè, tó sì gbé e dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ní November 18 ọdún kan náà, ní Tokyo, olùkọ́ kan, Tsunesaburo Makiguchi, dá ẹgbẹ́ tó di Soka Gakkai sílẹ̀. Ní 1932 wọ́n fi Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Ní 1943 wọ́n mú Makiguchi torí pé ó kọ̀ láti gba ońdè ààbò láti ojúbọ Ise tí ìjọba fẹ́ kí gbogbo ilé ní. Inú ẹ̀wọ̀n ló kú sí ní 1944, lẹ́ni ọdún 73. Nichiren, àlùfáà Búdà ará Japan tó bẹ̀rẹ̀ pípe Nam-myoho-renge-kyo ní 1253, pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìjọba: wọ́n lé e lọ sí Izu ní 1261, wọ́n tún lé e lọ sí erékùṣù Sado ní 1271. Kí ló wà nínú ohùn ẹni tí ń gbàdúrà tí àwọn aláṣẹ fi ń bẹ̀rù rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Mo fẹ́ sọ pé ọ̀tá ni àdúrà tiwa, irú ti Babalọlá, ń dojú kọ, pé ara ẹni ni tiwọn ń dojú kọ. Ṣùgbọ́n Nichiren kò fẹnu tútù bá àwọn ẹlẹ́sìn Búdà yòókù sọ̀rọ̀ rárá. Ìbínú rẹ̀ pọ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lónìí náà kì í tijú láti gbàdúrà fún iṣẹ́, fún owó, fún ìwòsàn. Ẹ̀kọ́ wọn kàn ní kí onítọ̀hún tún bèèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà.

Mú obìnrin tí ń ta ìrẹsì ní Ìgbẹ́mọ, tí oníbàárà ra àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò san án. Yálà ó wà ní orí òkè àdúrà tàbí níwájú ìwé kíká tí àwọn ọmọ Soka Gakkai ń kọjú sí gbàdúrà, mo rò pé owó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Ohun tó wù mí láti mọ̀ ni bí yóò ṣe kí oníbàárà náà tí wọ́n bá pàdé lọ́jà.