Nígbà Tí Mo Yí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Mi Padà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba òpópónà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, ẹ ó mọ ibi tí mò ń sọ. Bí a bá ti kọjá Ògèrè, tí a kò tíì dé oríta Ṣàgámù, ojú ọ̀nà a là gbọọrọ, ẹsẹ̀ awakọ̀ a sì máa wúwo lórí iná ọkọ̀ láìmọ̀. Ibẹ̀ ni bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi ti ṣí lójijì ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní àkókò ọyẹ́. Ó dún bí ìbọn. Ìdérí náà fò sókè, ó lu gíláàsì iwájú, gíláàsì sì ya yánnayànna bí òwú aláǹtakùn. Irin funfun nìkan ni mo ń rí níwájú mi. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀bi mi ni. Ìkọ́ tó ń di bọ́nẹ́ẹ̀tì náà mú ti dípẹtà fún ìgbà pípẹ́, mo sì ti ń fi okùn so ó. Mo ní n ó pààrọ̀ rẹ̀ bí owó oṣù bá wọlé. Owó oṣù wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, okùn ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó kó wa yọ ni àlàfo tín-ín-rín kan tó wà láàárín ìsàlẹ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí náà àti ara ọkọ̀. Mo tẹ orí ba, mo ń gba ibẹ̀ wo ọ̀nà, mo rọra dín eré kù títí mo fi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì di ìgbànú ìjókòó rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi délé.

Awakọ̀ tírélà Mack kan ló dúró láti fún wa ní wáyà tí a fi so ìdérí náà mọ́lẹ̀. Kí ó tó lọ, ó ní òun fẹ́ wo omi ọkọ̀ tòun. Ó tú ìkọ́ ọ̀tún àti tòsì, ó fa imú ọkọ̀ náà síwájú, gbogbo rẹ̀ pátá, àti fẹ́ńdà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, sì dojú délẹ̀ bí ẹni tó ń kí ọba. Ẹ́ńjìnnì wà ní gbangba. Ó ní, "Bùrọ̀dá, bí ìkọ́ tèmi yìí bá já lórí eré, atẹ́gùn kò lè gbé e. Iwájú tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ ni wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa, ìdí gíláàsì ni híńjì rẹ̀ wà, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí atẹ́gùn. Bí ìkọ́ bá já, ó dà bí ẹni tó ṣí agbòòrùn dojú kọ ìjì. Ṣùgbọ́n èyí tí híńjì rẹ̀ wà níwájú, bí ìkọ́ rẹ̀ tilẹ̀ já, yóò kàn máa gbọ̀n ni, kò ní lè yí padà lu awakọ̀ lójú.

Kì í ṣe ọkọ̀ ńlá nìkan ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ní ọdún 1959, àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì gbé Triumph Herald jáde, èyí tí Giovanni Michelotti ará Ítálì ya àwòrán rẹ̀. Gbogbo imú ọkọ̀ náà ló ń tẹ̀ síwájú, ènìyàn sì lè jókòó lórí táyà rẹ̀ kí ó máa tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Jaguar E-Type tẹ̀ lé e ní ọdún 1961. Bọ́nẹ́ẹ̀tì BMW àwọn ọdún 1980 pàápàá ń ṣí síwájú, ẹni tó bá ti dé ọgbà mẹkáníìkì yóò ti rí i. Nítorí náà, mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni.

Bàbá panẹbítà tí mo gbé ọkọ̀ lọ bá ní Ìbàdàn wò mí títí. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ kí Corolla di tírélà ni?" Ó ṣàlàyé fún mi pé Herald ní ṣáásì lábẹ́ tó ń gbé gbogbo ẹrù rẹ̀, nítorí náà imú rẹ̀ lè jẹ́ ìdérí lásán. Ọkọ̀ tèmi kò ní ṣáásì, ara rẹ̀ gan-an ni egungun rẹ̀. Bí a bá gé fẹ́ńdà àti irin inú rẹ̀ kúrò kí wọ́n lè tẹ̀ síwájú, a ti ṣẹ́ egungun ọkọ̀ náà nìyẹn. A gbà pé bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan la ó yí padà, kí fẹ́ńdà àti iná dúró sí àyè wọn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ náà gbà. Híńjì BMW àlòkù méjì ni mo rà ní Gate, Bàbá sì jó wọn mọ́ irin tó wà lókè rédíétọ̀. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò, etí iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì náà sọ̀kalẹ̀ bó ti ń yí, ó sì fọ́ gíláàsì iná ọ̀tún. Híńjì náà ti sún mọ́ ẹ̀yìn jù. Bàbá tún un rọ, ó fún un ní ọrùn bí ti pẹ́pẹ́yẹ, kí ìdérí náà lè kọ́kọ́ yọ síwájú kí ó tó dojú dé. Ó fi ìkọ́ tuntun méjì sí ìdí gíláàsì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó sì fi ìkọ́ kékeré kẹta kún un tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tú lẹ́yìn tí wáyà inú ọkọ̀ bá ti tú méjì àkọ́kọ́. Ó mọ iṣẹ́, n kò lè jiyàn.

Lọ́jọ́ keje ni ìjà dé. Mo débẹ̀, mo bá áńgù áyọ̀nù gígùn méjì tó ti jó mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó fi tayọ̀tayọ̀ fi hàn mí. Ó ní àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà rẹ́ wa jẹ, pé irin abẹ́ rẹ̀ ní àwọn ibi tí wọ́n ti tẹ̀ wọ inú, tí kò lágbára, òun sì ti bá mi fún un lágbára.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí wọ́n tẹ̀ wọ inú yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bí ọkọ̀ bá fi iwájú gbá nǹkan, ibẹ̀ ni bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò ti ká láàárín bí òrùlé, tí kò fi ní wọlé tọ àwọn tó jókòó. Pẹ̀lú áńgù áyọ̀nù méjì, tèmi kò ní ká mọ́. Yóò lọ tààrà sẹ́yìn bí ọ̀kọ̀. Ó sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: híńjì àtijọ́, níbi ìdí gíláàsì tó wà, ló ń di ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì mú, a sì ti yọ ọ́. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, mo fi ọwọ́ wọn gíga rẹ̀. Ọrùn ọmọ mi ni.

Mo ní kí Bàbá gé irin náà kúrò. Inú bí i gidigidi. Ó ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun ti ń na irin, pé àwọn tó ń fi ìwé ṣe mẹkáníìkì ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ọmọ mi ló ń jókòó síbẹ̀." Kò dá mi lóhùn. Ó gbé ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Nígbà tí mo padà lọ́jọ́ kejì, irin náà ti kúrò. Ó ti ṣe ohun kan tí n kò sọ fún un. Ó rọ ẹ̀wọ́ irin méjì tó nípọn sí ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń wọ inú ihò lábẹ́ gíláàsì bó bá ti padé, kí ó má baà lè sún sẹ́yìn bó ti wù kó rí. Kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó kàn ní kí n tì í wò.

Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí. Ó ní wàhálà tirẹ̀. N kò lè ṣí i bí mo bá fi imú ọkọ̀ ti ògiri, ẹ̀gbẹ́ ni mo sì ń dúró sí bí mo bá fẹ́ wo ọ́ìlì. Òṣìṣẹ́ ojú pópó kan ti fi ọwọ́ wá ìkọ́ rẹ̀ níwájú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ wà á lọ sí Ògèrè, mo tú ìkọ́ ńlá méjèèjì, mo fi ti kékeré nìkan sílẹ̀, mo sì rọra ń fi kún eré. Ó gbọ̀n díẹ̀, kò ṣí.

Mo sọ fún ọmọ mi bí a ti ṣe é, mo sì fi ẹ̀wọ́ méjèèjì hàn án. Ó fi ọwọ́ kàn wọ́n, ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wọlé, ó sì di ìgbànú ìjókòó rẹ̀. Kò tíì gbà láti jókòó níwájú.