Àwọn Ológun Tó Wọ Aṣọ Lọ́yà

Ní kóòtù Warri níbí, bí adájọ́ bá ti ń wọlé ni wọ́n máa ń dá àwa tá a ti ṣiṣẹ́ ológun rí mọ̀ láàárín àwọn lọ́yà yòókù. Gìgísẹ̀ wa á pàdé, àyà á yọ, ọwọ́ á lẹ̀ mọ́ itan. Wíìgì àti gáùnù kò lè bo ohun tí NNS Delta, ibùdó ọmọ ogun ojú omi, fi kọ́ mi.

Ẹni tí mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́yà ni Johnny Smythe, ọmọ Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler. Wọ́n yìnbọn já ọkọ̀ wọn bọ́ ní Jámánì ní 1943, ó sì ṣẹ̀wọ̀n títí di 1945. Lẹ́yìn ogun, wọ́n ní kó máa gbẹnu sọ fún àwọn ọmọ ogun dúdú níwájú kóòtù ológun. Ibẹ̀ lọ̀nà òfin ti là fún un. Ó di lọ́yà, ó padà sílé, ó sì ṣe amòfin àgbà fún ìjọba. Ìtàn yìí wọ̀ mí lára, torí akọ̀wé kóòtù ológun ni mí kí n tó ka òfin. Níbẹ̀, mo rí ọmọkùnrin tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, tó mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ́, tí kò sì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, Mike Akhigbe, tó ṣe gómìnà ológun Ondo àti Èkó, lọ ka òfin lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Yohanna Madaki, gómìnà Gongola tó rọ Ẹ́mírì Muri lóyè ní 1986, fi iṣẹ́ lọ́yà jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Àwọn bàbá tó ja ogun abẹ́lé máa ń ti Effurun àti Sapele wá bá mi. Màá kí wọn ní “Migwo” lédè Urhobo, inú wọn á dùn, wọ́n á jókòó. Inú àpò náílọ̀nù nìwé ìfẹ̀yìntì wọn máa ń wà, wọ́n á ti ká a sí mẹ́rin, ojú ìká á ti ya, nọ́ńbà ológun wọn á sì ti parẹ́ síbẹ̀. Kò burú: bó o bá jí wọn lóru, wọ́n á ka nọ́ńbà náà fún ọ láìṣì. Mo tún máa ń gba àwọn opó, tí wọ́n ń wá owó tí ọkọ wọn fi ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́ fún. A ó kọ ìwé ìbúra, a ó kọ lẹ́tà, a ó sì máa tẹ̀ lé e.

Lọ́dọọdún, ní January 15, ọjọ́ tí ogun Biafra parí ní 1970, a máa ń gbé òdòdó síbi ìrántí àwọn tó kú. Ó tọ́, ó sì yẹ. Àwọn tó ṣì wà láàyè ńkọ́? Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lọ́yà, bí ẹ bá fẹ́ bọlá fún àwa ológun tó wà láàárín yín, ẹ gba ẹjọ́ opó ológun kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún yìí.