Ìkookò Tí Kò Sanwó Ìwọlé

Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ inú igbó ní Otterlo, owó ni yóò kọ́kọ́ san. Ìlú kékeré ni Otterlo, ní ìpínlẹ̀ Gelderland, lórílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì: ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan, ilé oúnjẹ díẹ̀, ilé ìtura díẹ̀, àti ilé kan tí wọ́n kó táìlì ayé àtijọ́ jọ sí fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Àwọn àlejò kì í sábà pẹ́ nínú ìlú náà. Ẹ̀yìn ìlú ni ojú wọn ń lọ, níbi tí ọgbà Hoge Veluwe wà, igbó àti pápá tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 5,400, tí wáyà yí ká, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní Otterlo. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì méjì: ọ̀kan fún ọgbà, èkejì fún ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Kröller-Müller tí ó wà nínú ọgbà náà. Ẹni tí ó rò pé afẹ́fẹ́ igbó kì í ṣe ọjà tí a ń tà yóò tètè mọ̀ pé ti ibí yìí yàtọ̀.

Àmọ́ bí wọ́n bá ti gbowó tán, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń yá ènìyàn ní kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ funfun bí 1,800 ni ó wà nínú ọgbà náà. Kò ní àgádágodo, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè orúkọ. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ìdí kẹ̀kẹ́ ni yóò gùn ún. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹlòmíràn lè gbé e lọ. Kò ní bíréèkì ọwọ́. Ẹsẹ̀ ni a ń wà sẹ́yìn kí ó tó dúró, àlejò tí kò bá sì mọ èyí lè bá ara rẹ̀ nínú koríko. Àwọn ọ̀dọ́ ajìjàgbara kan ní Amsterdam ni ó kọ́kọ́ gbé irú èrò yìí jáde ní 1965. Wọ́n kun kẹ̀kẹ́ ní ọ̀dà funfun, wọ́n sì gbé e sí ìgboro kí ẹnikẹ́ni lè lò ó. Ọlọ́pàá kó wọn lọ, wọ́n ní òfin kò fàyè gba kẹ̀kẹ́ tí a kò tì. Èrò tí kò fìdí múlẹ̀ ní Amsterdam wá fìdí múlẹ̀ ní Hoge Veluwe ní 1974, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Bóyá nítorí wáyà tí ó yí ọgbà ká ni; ó rọrùn láti fọkàn tán ènìyàn níbi tí kẹ̀kẹ́ kò ti lè jáde.

Orí kẹ̀kẹ́ yìí ni àlejò ti ń rí ohun tí ó wá wò. Igbó páìnì á ṣú dùdù, á sì ṣàdédé ṣí sílẹ̀ sí pápá tí ewéko kúkúrú kan bò, èyí tí ń tanná aláwọ̀ àlùkò nínú oṣù Kẹjọ. Lẹ́yìn pápá ni iyanrìn wà, iyanrìn tí ó lọ súà bí ẹni pé etí aṣálẹ̀ ni, ní orílẹ̀-èdè tí gbogbo ayé fi omi àti ẹrẹ̀ mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, àgbọ̀nrín á jáde wá jẹko. Àlejò á mí kanlẹ̀, á ní òun ti rí ilẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe ilẹ̀ náà bí ó ti rí. Àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ ní Veluwe gé igi tán, wọ́n sì da àgùntàn sí ibi tí igi wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń bó ojú ilẹ̀ tòun ti koríko rẹ̀, wọ́n ń tẹ́ ẹ sí ilé àgùntàn kí ó lè pò mọ́ ìgbẹ́ ẹran, lẹ́yìn náà wọ́n á kó o lọ sí oko bí ajílẹ̀. Ilẹ̀ tí a bó ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀ kò lè di iyanrìn rẹ̀ mú. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e, iyanrìn sì ń bo oko mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n gbin igi páìnì láti fi dá a dúró. Lónìí, iṣẹ́ àwọn olùtọ́jú ọgbà ni láti máa hu àwọn ọmọ páìnì kúrò, kí igbó má baà gba pápá àti iyanrìn mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tí àwọn baba ńlá kà sí àjálù ni àwọn ọmọ ń náwó lé lórí kí ó má baà parẹ́.

Àwọn ẹranko ibẹ̀ náà ní ẹni tí ó kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wá. Helene Müller, ọmọ Jámánì tí a bí ní 1869, fẹ́ Anton Kröller, ọmọ Nẹ́dálándì, ní 1888. Òwò òkúta irin àti ọkọ̀ ojú omi ni baba Helene ń ṣe. Nígbà tí baba náà kú ní 1889, àna rẹ̀ ni ó gba àkóso ilé-iṣẹ́, ó sì sọ ọ́ di ńlá. Láti 1909 ni Anton ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ ní Veluwe, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí ọdẹ. Ó fi wáyà yí i ká. Ó kó àgbọ̀nrín àti ìmàdò sí i. Ó kó mouflon wá, àgùntàn igbó oníwo kíká tí a mọ̀ mọ́ erékùṣù olókè Corsica àti Sardinia. Ó tilẹ̀ dán kangarú wò. Àwọn yẹn kò bá ibẹ̀ mu rárá.

H. P. Berlage, gbajúgbajà ayàwòrán ilé, ni wọ́n ní kó ya ilé ọdẹ fún wọn. Sint Hubertus ni wọ́n sọ ilé náà, orúkọ ẹni mímọ́ tí ìtàn sọ pé ó ń ṣọdẹ lọ́wọ́ nígbà tí ó rí àgbélébùú láàárín ìwo àgbọ̀nrín, tí ó sì fi ayé fàájì sílẹ̀ tẹ̀lé Ọlọ́run. Berlage ya ilé náà bí ìwo àgbọ̀nrín, ó fi ilé ìṣọ́ gíga kan sí àárín, wọ́n sì gbẹ́ adágún sí iwájú rẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1920. Kò jọ pé ó pa àwọn onílé lẹ́rìn-ín pé ìtàn ọdẹ tí ó ronú pìwà dà ni wọ́n fi ṣe ilé ìsinmi fún àwọn tí ń lọ yìnbọn pa àgbọ̀nrín.

Iṣẹ́ ọnà ni ti Helene. Ní 1911, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún un. Ó pinnu pé bí òun bá yè é, òun yóò kọ́ ilé kan tí àkójọ òun yóò wà fún àwọn ènìyàn. Ó yè é, ó sì dojú kọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí ó jẹ gbèsè. Vincent van Gogh, ayàwòrán tí ó kú ní 1890 láìrí owó jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ni ó fẹ́ràn jù. Lónìí, àwòrán ọlọ́dà tí van Gogh yà tí ó sún mọ́ 90, àti èyí tí ó lé ní 180 lórí ìwé, ni ó wà láàárín igbó yẹn. Àyàfi ilé àkójọ tí a fi orúkọ ayàwòrán náà pè ní Amsterdam ni ó ju ibẹ̀ lọ.

Ilé arabaríbí kan ni Helene ní lọ́kàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1921, owó sì tán ní 1922. Òkúta tí wọ́n kó jọ fún ilé náà wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, ó kù díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ní 1935, tọkọtaya náà fi àkójọ iṣẹ́ ọnà fún ìjọba, bí ìjọba bá lè kọ́ ilé fún un nínú ọgbà. Ilẹ̀ ní tirẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àjọ aládàáni kan, tí ìjọba yá ní gulden 800,000 láti fi rà á. Ìdí nìyí tí tíkẹ́ẹ̀tì fi jẹ́ méjì títí di òní. Ilé tí Henry van de Velde yà, tí wọ́n ṣí ní 1938, kéré sí èyí tí Helene lálàá rẹ̀. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ó ṣì wà níbẹ̀. Helene kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1939. Wọ́n gbé pósí rẹ̀ sí àárín àwọn àwòrán van Gogh kí wọ́n tó lọ sin ín sínú ọgbà.

Nínú ọgbà yìí, nígbà náà, díẹ̀ ni ohun tí a kò rà, tí a kò gbìn, tí a kò kó wá tàbí tí a kò kọ́. Ìkookò ni a kò ránṣẹ́ pè.

Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti mọ ìkookò, ojú kò rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí fún àwọn ará Nẹ́dálándì: láti sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún tí wọ́n ti pa wọ́n tán, inú ìtàn àwọn ọmọdé ni ìkookò ń gbé. Ní 2015, ọ̀kan rìn wọlé láti Jámánì, ó wo ìlú, ó sì padà. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e tí wọn kò padà. Ní 2019, wọ́n bímọ ní Veluwe. Ní 2021, ìkookò dé inú wáyà Hoge Veluwe.

Mouflon ni ó kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Bí ewu bá dé, orí àpáta ni mouflon ń sá gùn. Kò sí àpáta ní Veluwe. Agbo tí ó ti tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ku díẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan. Àwọn alákòóso ọgbà fárígá. Wọ́n ní mouflon ni ó ń jẹ ọmọ páìnì, òun ni kì í jẹ́ kí pápá di igbó, pápá náà sì ni ilé àwọn ewéko àti kòkòrò tí ó ṣọ̀wọ́n níbòmíràn. Àwọn tí ń gbèjà ìkookò dáhùn pé àlejò tí a kó wá fún ọdẹ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni mouflon, pé ìkookò ni ó ni ilẹ̀ kí wọ́n tó lé e lọ.

Ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́. Ní 2022, ìkookò kan nínú ọgbà náà ń sún mọ́ àwọn ènìyàn jù. Ìjọba ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yin ìbọn ọlọ́dà lù ú, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣeré, kí ó lè bẹ̀rù ènìyàn. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ẹranko gba ilé-ẹjọ́ lọ, adájọ́ sì dá a dúró. Ní 2025, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dín ààbò tí òfin fún ìkookò kù, ariwo náà kò sì tíì rọlẹ̀.

Bí àwọn alákòóso bá sọ pé ọgbà ni àwọn ní, pé onígbà ni ó mọ ohun tí ó fẹ́ nínú ọgbà rẹ̀, wọ́n jàre. Ohun tí kò bá a mu ni kí wọ́n máa ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ènìyàn lórúkọ ìṣẹ̀dá, kí ìṣẹ̀dá sì wọlé, kí wọ́n ní kó jáde. Ti olówóòsìn àgùntàn tí ó wà lẹ́yìn wáyà yàtọ̀. Òun kò ta ìran fún ẹnikẹ́ni. Ìpínlẹ̀ ń sanwó fún àgùntàn tí ìkookò bá pa, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ó ń jí lóru lọ wo agbo. Àwọn òbí tí ń gbé ọmọ sórí kẹ̀kẹ́ náà ní ìbéèrè tiwọn, ẹni tí ó bá sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ kò tíì gbé létí igbó rí.

Ní ìdajì ìkẹyìn oṣù Kẹsàn-án, àwọn akọ àgbọ̀nrín a máa bú nítorí abo. Àwọn ènìyàn á gbé kẹ̀kẹ́ funfun tì, wọ́n á dúró létí pápá nínú òtútù ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀ sókè. Akọ kan á bú, òmíràn á dá a lóhùn láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà mìíràn, gbogbo agbo á gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kọjú sí ibì kan lábẹ́ igi níbi tí ojú ènìyàn kò rí nǹkan kan. Àwọn òǹwòran náà á kọjú síbẹ̀. Ó lè tó ìṣẹ́jú kan kí àgbọ̀nrín tó tún tẹrí ba sí koríko. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ padà sí ẹnu ọ̀nà Otterlo, kí wọ́n tó tì í.