Ìjókòó Ọ̀kadà Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́ Lásán

Tí ọlọ́kadà ní Mowe, Ibafo tàbí Ìfọ̀ bá fẹ́ pààrọ̀ ìjókòó ọ̀kadà rẹ̀, ohun méjì ló sábà máa ń wò: bí fóòmù ṣe rọ̀ tó tó bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àti bí lẹ́dà ṣe ń dán tó. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí dídán. Èèyàn lè ṣe ohun tó fi ń jẹun lọ́ṣọ̀ọ́. Rírọ̀ yẹn ló ń kọ mí lóminú. Nígbà tí a bá jókòó, eegun méjì tó wà nísàlẹ̀ ìbàdí ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ara wa. Fóòmù tó rọ̀ jù á jìn lábẹ́ wọn, kò ní pẹ́ tí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, eegun á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ike tó wà nísàlẹ̀ ìjókòó. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo kòtò tí táyà bá kó sí, ẹ̀yìn ló ń gbà á. Fóòmù tó le díẹ̀, tó sì fẹ̀ níbi tí ìdí ń gbé, a máa pín ìwúwo náà dé itan. Iléeṣẹ́ Corbin ní California, tó ti ń ṣe ìjókòó alùpùpù láti ọdún 1968, fóòmù líle ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, àwọn tó ń rin ọ̀nà jíjìn ló sì ń rà á.

Ẹnì kan lè ní ọ̀nà ló burú, kì í ṣe ìjókòó, kí ìjọba tún ọ̀nà ṣe. Òótọ́ ni. Èrò tó bá sọ̀kalẹ̀ lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣì ní láti gun ọ̀kadà wọ àdúgbò, níbi tí òjò ti gbẹ́ ilẹ̀ pupa. Èrò á sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọlọ́kadà á padà lọ gbé òmíràn, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Irú gbígbọ̀n ara láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: ní ọdún 2002, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè gbọn ara òṣìṣẹ́ tó láàárín wákàtí 8 iṣẹ́ òòjọ́. Tó bá kọjá ìwọ̀n, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Ọlọ́kadà wa kò ní agbanisíṣẹ́ tí yóò bá a wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn tirẹ̀ kì í ṣe irin. Kí ọ̀nà tó dára, ìjókòó àti ṣọ́kì nìkan ló wà láàárín òun àti kòtò.

Ọ̀rọ̀ owó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà tó ti jẹ tán àti bíréèkì tí kò mú ló yẹ kó ṣáájú, mi ò ní jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kéèyàn ra odindi ìjókòó tuntun: ẹni tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ lè yọ fóòmù tó ti jẹrà kúrò, kó gbé èyí tó le sórí ike àtijọ́. Kó má ṣe gbé e ga ju bó ṣe wà lọ, nítorí ọlọ́kadà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò tẹ ilẹ̀ dáadáa lè gbé èrò ṣubú lórí ìdúró. Kó má sì rán ojú abẹ́rẹ́ síbi tí ìdí ń gbé. Ibẹ̀ ni òjò máa ń gbà wọ inú fóòmù.

Ibi tí mi ò ti ní gbà rárá ni ti àwọn tó ń fa ìjókòó gùn sẹ́yìn kí èrò méjì tàbí mẹ́ta lè jókòó. Wọ́n á ní èrò ló ń sanwó. Ṣùgbọ́n tí ìwúwo èrò bá ti kọjá sẹ́yìn àárín táyà ẹ̀yìn, táyà iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ ọ̀kadà kò sì ní gbọ́ràn mọ́, pàápàá lórí òkè. Ìjókòó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìtura fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ má fọwọ́ tẹ fóòmù kẹ́ ẹ sì sanwó. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe é má tíì rán lẹ́dà tuntun. Ẹ fi ti àtijọ́ bò ó ná, kí ẹ gùn ún lọ síbi tí ọ̀nà ti burú jù ládùúgbò yín fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí ìdí bá ṣì ń kan ike, ẹ dá a padà.