GÀRÍ TÍ N KÒ DÉ

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéú wa ní Òkè-Fìà ní hadisi tí Bukhari gbà wá, pé kí á máa dé ohun èlò oúnjẹ, kí á sì pa fìtílà kí á tó sùn, nítorí eku lè fa òwú iná, kí ó jó ilé mọ́ onílé lórí. "Fuwaisiqa" ni Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pè é: fásìkì kékeré.

Ṣùgbọ́n nínú ilé tèmi, garawa gàrí kò ní ìdérí. Bí mo bá rí ìgbẹ́ eku nínú rẹ̀, n ó ṣà á dànù, n ó sì bomi sí gàrí mu. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi wò mí, ó ní: "Bàbá, ṣé ti ilé kéú nìkan ni hadisi yẹn ni?" N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ni ó ń gbà wọ oúnjẹ ènìyàn. Ní ọjọ́ kejì ni mo ra ike onídèrí, mo sì fi sìmẹ́ǹtì dí ihò ara ògiri. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni eku.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á máa lo ohun tí a mọ̀. Àmín.