Kì í ṣe gbogbo ìrora abẹ́ ìdodo ni àtọ̀sí o!

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Odidi oṣù mẹ́jọ ni abẹ́ ìdodo fi ń ro mí ní Alajue, l'Ẹ́dẹ níbí. Ìjókòó di ogun, ìtọ̀ ń ta mí. "Àtọ̀sí ni," làwọn ará àdúgbò ń wí, wọ́n tiẹ̀ ti ń fojú burúkú wo ìyàwó mi! Dókítà yẹ ìtọ̀ àti prostate wò, kò rí kòkòrò kankan. Láti 1995 làwọn onímọ̀ ìṣègùn l'Amẹ́ríkà ti ya irú rẹ̀ sọ́tọ̀: ìrora tó lé lóṣù mẹ́ta, tí kò ní kòkòrò nínú. Iṣan ìsàlẹ̀ ikùn lè ti le gbagidi. Kí ló wá kan obìnrin níbẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń jẹ Tetracycline bíi gúgúrú, kí lẹ fẹ́ kó pa? Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mò ń jókòó sí, pẹ̀lú eré ìdárayá tó ń dẹ iṣan àti oògùn tó ń jẹ́ kí ìtọ̀ já geere. Ara ń fúyẹ́, díẹ̀díẹ̀ ṣá ni.